Ìyà, Ìbáwí àti Ìtánràn: Ìtumọ̀ àti Ìlò Ọ̀rọ̀-Ìṣe "Punish" ní Èdè Yorùbá

Ìfáárà

Nínú ìdánwò aáyan ògbufọ̀, ọ̀rọ̀-ìṣe Gẹ̀ẹ́sì tí ń jẹ́ "punish" wà lára àwọn ọ̀rọ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́ kì í dúró rò kí ó tó túmọ̀ wọn. Lójú ọ̀pọ̀ wọn, "punish" ni "fìyà jẹ", ọ̀rọ̀ sì bùṣe. Bí wọ́n bá tún rí "ìyà" nínú àyọkà Yorùbá, "punish" kan náà ni wọn yóò kọ padà. Ọ̀nà àbùjá yìí lè gbé akẹ́kọ̀ọ́ dé ibi tí kò lérò. Ẹ jẹ́ kí a wo gbólóhùn yìí: "Ìyà jẹ àwọn ará Ìjẹ̀gùn lọ́dún 2008." Ìjẹ̀gùn jẹ́ ìlú kan ní ilẹ̀ Àwórì, ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Àlímọ̀ṣọ́, Ìpínlẹ̀ Èkó. Ní oṣù Karùn-ún ọdún náà, katakata tí a fi ń ṣe ojú ọ̀nà níbẹ̀ kọ lu ọ̀pá tí ń gbé epo lọ lábẹ́ ilẹ̀. Epo tú jáde, ó gbiná, ó sì pa nǹkan bí 100 ènìyàn gẹ́gẹ́ bí àjọ Alágbèélébùú Pupa ti wí. Àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ wà lára àwọn tí ó fara gbá nínú rẹ̀.

Kò sí ọmọ Yorùbá tí yóò gbọ́ gbólóhùn náà tí yóò béèrè pé ẹ̀ṣẹ̀ wo ni àwọn ará Ìjẹ̀gùn ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fi "punish" túmọ̀ rẹ̀ ti sọ àwọn tí iná jó di ọ̀daràn, láìmọ̀. Àṣìṣe yìí ju àṣìṣe gírámà lọ, nítorí ó gbé ẹ̀bi lé aláìṣẹ̀ lórí. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí a tọpasẹ̀ ọ̀rọ̀ náà ní èdè méjèèjì, kí a sì wo bí ìtàn ilẹ̀ wa ti lò ó.

Orírun "punish"

Èdè Gíríìkì àtijọ́ ni ìtàn ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀ tí ń jẹ́ "poinē", ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni owó ẹ̀jẹ̀, èyíinì ni ohun tí apànìyàn tàbí àwọn ẹbí rẹ̀ ń san fún àwọn ẹbí ẹni tí ó pa. Àwọn ará Róòmù yá a lò, wọ́n ń pè é ní "poena", wọ́n sì fi ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀-ìṣe "punire". Èdè Faransé gbà á lọ́wọ́ èdè Látìnì, èdè Gẹ̀ẹ́sì sì gbà á lọ́wọ́ Faransé ní nǹkan bí 700 ọdún sẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ mìíràn tí ó ti inú "poena" kan náà jáde ni "pain", tí í ṣe ìrora.

Ọmọ ìyá kan náà ni "pain" àti "punish", ṣùgbọ́n wọn kò gbé ilé kan náà mọ́. Ìrora lè bá ẹnikẹ́ni, ìbáà jẹ́ aláìsàn tàbí ọmọ tuntun. Ní ti "punish", kí ó tó lè dúró dáadáa, ó ń fẹ́ ohun mẹ́ta. Èkíní ni ẹ̀ṣẹ̀: ó gbọ́dọ̀ ní ohun tí ẹni náà ṣe, tàbí tí a gbà pé ó ṣe. Èkejì ni àṣẹ: ẹni tí ń ṣe é gbọ́dọ̀ ní agbára tí òfin tàbí àṣà fún un. Ẹ̀kẹta ni òṣùwọ̀n: ó ní ibi tí ó gbọ́dọ̀ mọ. Lóòótọ́, àwọn Gẹ̀ẹ́sì a máa fi ọ̀rọ̀ náà ṣe àfiwé, bí ìgbà tí wọ́n bá ń sọ nípa iṣẹ́ tí ń tán ni lókun tàbí ẹ̀ṣẹ́ tí ń rọ̀jò lé abẹ̀ṣẹ́kùùbíòjò lórí. Àfiwé ni èyí jẹ́. Kò pa ohun mẹ́ta náà rẹ́ nínú ojúlówó ìtumọ̀ rẹ̀.

Ìyà àti ẹni tí ń jẹ ẹ́

Ní èdè Yorùbá, "ìyà" kò béèrè ọ̀kankan nínú ohun mẹ́ta wọ̀nyí. Ohun kan ṣoṣo tí ó ń fẹ́ ni ẹni tí yóò jẹ ẹ́. Ẹ wo àwọn gbólóhùn wọ̀nyí:

(1) Ìyà ń jẹ opó náà.
(2) Opó náà ń jẹ ìyà.
(3) Àna opó náà ń fìyà jẹ ẹ́.
(4) Adájọ́ fìyà jẹ olè náà.

Ní (1), "ìyà" ni olùwà, opó sì ni àbọ̀. Ìyà ni ó ń jẹ ènìyàn. Ní (2), wọ́n ti pààrọ̀ àyè: opó ni olùwà, òun ni ó sì ń jẹ ìyà. Inú (2) yìí ni a ti rí "ìjìyà". Ní (3) àti (4), ọ̀rọ̀-ìṣe asínpọ̀ "fi … jẹ" fi ẹlòmíràn kún un, ẹni tí ó fa ìyà náà. Ó yẹ kí a ṣe àkíyèsí pé ìhun kan náà ni (3) àti (4) ní. Gírámà kò sọ fún wa pé ìkà ni àna opó, bẹ́ẹ̀ ni kò sọ pé òfin ni adájọ́ ń tẹ̀ lé. Ohun tí a mọ̀ nípa àna àti nípa adájọ́ ni ó fi ìyàtọ̀ hàn wá. Bí adájọ́ bá gba rìbá, tí ó sì sọ aláìṣẹ̀ sí ẹ̀wọ̀n, Yorùbá yóò ṣì sọ pé ó fìyà jẹ ẹ́, ọ̀rọ̀ náà kò sì ní yí padà.

Nítorí náà, nínú gbólóhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, (4) nìkan ni "punish" bá mu. "Fìyà jẹ" gbòòrò ju "punish" lọ. Ó gba ìdájọ́ òdodo mọ́ra, ó sì gba ìnilára náà mọ́ra. Ẹni tí ó bá ń túmọ̀ láti Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá lè lò ó láìsí ewu púpọ̀. Ẹni tí ó bá ń túmọ̀ láti Yorùbá sí Gẹ̀ẹ́sì ni ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ béèrè pé, ta ni ó ṣẹ̀, ta ni ó sì ní àṣẹ?

Ìbáwí

Ọ̀rọ̀ kejì ni "bá wí". Ọ̀rọ̀-ìṣe ẹlẹ́là ni: "Bàbá bá ọmọ rẹ̀ wí." Bí a bá tú u palẹ̀, ọ̀rọ̀ sísọ ni ó wà nínú rẹ̀, bàbá wà pẹ̀lú ọmọ, ó sì wí. Kò sí pàṣán nínú ọ̀rọ̀ náà rárá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìlò ti fi pàṣán kún un. Nígbà tí Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń túmọ̀ Bíbélì, iṣẹ́ tí odindi rẹ̀ parí ní ọdún 1884, "bá wí" ni wọ́n mú fún ohun tí Ọlọ́run ń ṣe fún ẹni tí ó fẹ́ràn, wọ́n sì fi "nà" tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́. Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ méjèèjì ti ń rìn pọ̀ ní ilé ìjọsìn àti ní ilé-ẹ̀kọ́.

Èdè Gẹ̀ẹ́sì náà ní ọ̀rọ̀ tí ó sún mọ́ èyí, "chastise". Inú ọ̀rọ̀ Látìnì tí ó túmọ̀ sí mímọ́ ni ó ti jáde. Ète rẹ̀ ni láti sọ ẹni di mímọ́. "Punish" ń wo ẹ̀yìn, ó ń wo ohun tí ènìyàn ti ṣe. "Bá wí" àti "chastise" ń wo iwájú, wọ́n ń wo ohun tí a fẹ́ kí ó dà. Ìdí nìyí tí Yorùbá fi ń sọ pé bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, a ó fi tòsì fà á mọ́ra. Kò sí ẹni tí ń sọ bẹ́ẹ̀ nípa olè tí adájọ́ fìyà jẹ.

Ìtánràn àti ẹ̀wọ̀n

Ọ̀rọ̀ tí ó súnmọ́ "poinē" ti àwọn ará Gíríìkì jù lọ ní èdè wa ni "ìtánràn". Bí a bá fetí sí i, a ó gbọ́ "tán" àti "ọ̀ràn" nínú rẹ̀: ohun tí a san kí ọ̀ràn lè tán. Ó yani lẹ́nu pé ọ̀nà kan náà ni "fine" ti Gẹ̀ẹ́sì gbà wá. Inú "finis" ti Látìnì, tí í ṣe òpin, ni ó ti jáde. Èdè méjì tí kò bá ara wọn tan gbà pé bí a bá ti sanwó, ẹjọ́ ti tán nìyẹn. Èrò yìí bá ọ̀nà tí àwọn àgbà ń gbà parí ìjà láàrin ìlú mu, níbi tí ète ìdájọ́ ti jẹ́ kí àwọn oníjà lè jọ máa gbé pọ̀. Yorùbá tilẹ̀ sọ pé ẹni tí ó bá mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Nígbà tí kóòtù aláwọ̀ funfun dé, òwe mìíràn jáde: a kì í ti kóòtù bọ̀ kí á ṣọ̀rẹ́.

"Ẹ̀wọ̀n" ní ìtàn tirẹ̀. Irin tí a so kọ́ ara wọn ni ẹ̀wọ̀n jẹ́ kí ó tó di orúkọ ilé. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó ní oṣù Kẹjọ ọdún 1861, wọ́n sì kọ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n Broad Street ní ọdún 1882. Láti ìgbà náà, orúkọ ohun tí a fi de ènìyàn di orúkọ ibi tí a tì í mọ́, ó sì tún di orúkọ iye ọdún tí yóò lò níbẹ̀, bí a ti ń sọ pé a rán ẹnìkan ní ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta. Ọgbà náà ti di ibi ìgbafẹ́ láti ọdún 2010, Freedom Park ni a ń pè é. Ní ọdún 2019, òfin àpapọ̀ yí orúkọ iléeṣẹ́ tí ń bójú tó ọgbà ẹ̀wọ̀n ní Nàìjíríà padà, ó fi "Correctional" rọ́pò "Prisons". Lójú òfin, iṣẹ́ ibẹ̀ kúrò ní ìdènà, ó di àtúnṣe ìwà. Ṣùgbọ́n ní ẹnu àwọn ènìyàn, ẹ̀wọ̀n ṣì ni ẹ̀wọ̀n ń jẹ́, nítorí èdè kì í yí padà kí ohun tí ojú ń rí tó yí padà.

Nígbà tí àṣẹ kò ní òṣùwọ̀n

Ìtàn fi hàn pé àwọn tí wọ́n ni ọ̀rọ̀ náà gan-an a máa gbàgbé ohun mẹ́ta tí ó dúró lé lórí. Ní oṣù Kìíní ọdún 1897, àwọn ará Ìbíní pa James Phillips, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, àti ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó tẹ̀ lé e. Ní oṣù Kejì, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì wọ ìlú náà, wọ́n kó àwọn iṣẹ́ ọnà ààfin lọ, ìlú sì jóná. Wọ́n lé Ọba Ovonramwen lọ sí Calabar, ibẹ̀ ni ó sì kú sí ní ọdún 1914. Nínú ìwé ìtàn wọn, "Punitive Expedition" ni wọ́n pe ogun náà, èyíinì ni ìrìn-àjò láti lọ fìyà jẹni. Ọ̀rọ̀ náà sọ ogun di ìdájọ́. Ṣùgbọ́n kò sí kóòtù tí ó kọ́kọ́ jókòó lórí àwọn ọmọdé àti àwọn obìnrin tí ilé wọn jóná kí iná tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Lẹ́yìn Ogun Àwọn Obìnrin tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1929 ní Ìlà Oòrùn Nàìjíríà, ìjọba tún lo òfin ìyà àjùmọ̀jẹ. Gbogbo ìlú ni a bu owó lé, láìwo ẹni tí ó ṣẹ̀ àti ẹni tí kò ṣẹ̀. Yorùbá tí ó bá pe irú èyí ní fífi ìyà jẹni kò ṣìnà rárá. Ṣùgbọ́n ìdájọ́ kọ́.

Nígbà mìíràn, wọ́n a máa sá fún ọ̀rọ̀ náà. Ní ọdún 1925, ìjọba rọ Ọba Èṣùgbàyí Ẹlẹ́kọ ti Èkó lóyè, ó sì gbé e lọ sí Ọ̀yọ́ lábẹ́ òfin ọdún 1917 kan. Orúkọ òfin náà kò mẹ́nu kan ìyà; mímú ìjòyè tí a ti rọ̀ lóyè kúrò ni ó sọ. A mú ọkùnrin kan kúrò ní ilé baba rẹ̀ fún ọdún púpọ̀, a sì pè é ní ohun tí kì í ṣe ìyà. Ẹjọ́ náà lọ títí dé Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù, lẹ́ẹ̀mejì. Ní ọdún 1931, ìgbìmọ̀ náà, tí Lord Atkin sọ̀rọ̀ fún, ṣàlàyé pé òṣìṣẹ́ ìjọba kò lè fọwọ́ kan òmìnira ẹnikẹ́ni àfi bí ó bá lè fi hàn níwájú ilé ẹjọ́ pé òfin wà lẹ́yìn òun. Ẹlẹ́kọ padà sí Èkó ní ọdún náà. Ohun tí ẹjọ́ náà kọ́ni ni pé yíyí orúkọ ìyà padà kò sọ ọ́ di ohun tí kò nílò àṣẹ.

Ọdún 1961 fi ìpìlẹ̀ náà múlẹ̀ sí i. Ní Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà, tí Ìjẹ̀gùn àti gbogbo àgbègbè Ìkẹjà wà nínú rẹ̀ títí a fi dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní ọdún 1967, kóòtù ìbílẹ̀ kan bu owó ìtánràn lé obìnrin kan nítorí àgbèrè. Ilé Ẹjọ́ Gíga fagi lé ìdájọ́ náà. Ìdí tí ó sọ ni pé kò sí òfin àkọsílẹ̀ kankan níbẹ̀ tí ó sọ àgbèrè di ọ̀ràn ìjọba, bẹ́ẹ̀ ni òfin orílẹ̀-èdè ti sọ pé a kò gbọdọ̀ dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi ọ̀ràn tí òfin kò tí ì kọ sílẹ̀ pẹ̀lú ìyà tí ó tọ́ sí i. Ìlànà kan náà wà ní abala 36(12) òfin orílẹ̀-èdè ti ọdún 1999. Kì í ṣe pé ilé ẹjọ́ yin àgbèrè. Ohun tí ó sọ ni pé ohun tí àwùjọ kà sí àìdára kò tí ì tó láti fìyà jẹni lábẹ́ òfin.

Ọ̀rọ̀ náà ní ilé-ẹ̀kọ́

Ìwé òfin ìwà ọ̀daràn tí a mú lò ní gbogbo Nàìjíríà ní ọdún 1916 ṣe ìyàtọ̀ kan tí olùkọ́ èdè gbọ́dọ̀ mọ̀. Abala 17 ka àwọn ìyà tí kóòtù lè dá fún ni: ikú, ẹ̀wọ̀n, ẹgba, ìtánràn àti gbígbẹ́sẹ̀ lé dúkìá. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó dé orí òbí, alágbàtọ́ àti olùkọ́ ní abala 295, kò lo "punish" mọ́. "Correct" ni ó lò. Ó gbà kí wọ́n na ọmọ láti tọ́ ọ sọ́nà, ṣùgbọ́n ó fi ààlà sí i. Ẹgba náà kò gbọdọ̀ ju ohun tí ọjọ́ orí, ara àti ọpọlọ ọmọ lè gbà lọ. Ó sì tún sọ pé a kò gbọdọ̀ na ọmọ tí kò lè mọ ìdí tí a fi ń nà án. Ẹni tí ó bá rántí pé "wí" wà nínú "bá wí" yóò rí i pé òye yìí ti wà nínú èdè Yorùbá tipẹ́: a kì í bá ẹni tí kò lè gbọ́ wí.

Òfin ti kúrò níbi tí ó wà ní ọdún 1916. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ìjọba àpapọ̀ jáde ní ọdún 2003, ti Ìpínlẹ̀ Èkó sì tẹ̀ lé e ní ọdún 2007. Èyí tí ìjọba àpapọ̀ ṣe sọ pé kí kóòtù má ṣe pàṣẹ ẹgba fún ọmọdé, ó sì lòdì sí ohunkóhun tí ó bá tàbùkù ọmọ. Ìpínlẹ̀ Èkó tún ṣe ìwé òfin ìwà ọ̀daràn tirẹ̀ ní ọdún 2011.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ alára kò dúró de àwọn aṣòfin. Wọ́n ti yá ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà wọ inú Yorùbá tí wọ́n ń sọ ní Èkó: "Tíṣà fún un ní pọ́níṣímẹ́ǹtì." Lẹ́nu wọn, pọ́níṣímẹ́ǹtì kì í sábà jẹ́ ẹgba, kíkúnlẹ̀, gígé koríko, gbígbá àyíká tàbí pípọn omi ni. Wọ́n mọ̀ pé ó ní ìwọ̀n, ó sì ní ìgbà tí yóò parí. Bí olùkọ́ bá kọjá ìwọ̀n náà, wọn kì í pè é ní pọ́níṣímẹ́ǹtì mọ́. "Ó fìyà jẹ wá" ni wọn yóò wí, gbogbo ẹni tí ó bá sì gbọ́ ọ yóò mọ̀ pé ẹ̀sùn ni wọ́n ń fi olùkọ́ náà sùn.

Àgbálọgbábọ̀

Láti inú gbogbo èyí, akẹ́kọ̀ọ́ tí ń múra ìdánwò lè mú ìlànà mẹ́rin. Èkíní, bí "punish" bá wà nínú àyọkà Gẹ̀ẹ́sì, kí ó wo ẹni tí ó ṣe é: bí adájọ́ bá ni, "dá ẹ̀wọ̀n fún", "bu owó ìtánràn lé" tàbí "fìyà tí ó tọ́ jẹ" yóò ṣe kedere ju "fìyà jẹ" lásán lọ. Èkejì, bí òbí tàbí olùkọ́ bá ni, tí ète rẹ̀ sì jẹ́ láti tún ìwà ṣe, "bá wí" ni ó yẹ. Ẹ̀kẹta, bí ẹni tí a ṣẹ̀ bá fúnra rẹ̀ dá a padà láìgba ti aláṣẹ, "gbẹ̀san" ni, kì í ṣe ọ̀kan nínú àwọn ti òkè yìí. Ẹ̀kẹrin ni èyí tí a máa ń gbàgbé jù: bí "ìyà" bá wà nínú àyọkà Yorùbá, kí ó wá ẹ̀ṣẹ̀ àti aláṣẹ kí ó tó kọ "punish" sílẹ̀. Bí kò bá rí wọn, ìjìyà lásán ni àyọkà náà ń sọ, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó jẹ mọ́ ìrora tàbí ìnira ni kí ó lò.

Iṣẹ́ olùkọ́ sì ni láti má ṣe jẹ́ kí ìlànà yìí mọ sí orí ìwé ìdánwò nìkan. Ọmọ tí ó bá ti mọ ìyàtọ̀ láàrin ìyà àti ìbáwí ní kíláàsì yóò lè béèrè lọ́la, nígbà tí ó bá di adájọ́, ọlọ́pàá, òbí tàbí olùkọ́, pé kí ni ẹni tí ó wà níwájú òun ṣe, ta ni ó fún òun ní àṣẹ, níbo ni ó sì yẹ kí òun dúró.